Ọkọ̀ Tó Ń Mí Kanlẹ̀

Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí títì ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Mo lọ gba aṣọ tí mo ní kó bá mi dín, òjò sì ká mi mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi eyín há abẹ́rẹ́ mélòó kan, ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gún wọn mọ́ etí aṣọ. Ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn kúrò lẹ́nu rẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò fojú ara rẹ̀ rí nínú ọ̀rọ̀ náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ ọ́ fún un nígbà tó yá. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ọkọ rẹ̀ fi ọkọ̀ kan sílẹ̀ kú. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo epo bẹntiróòlù ni, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá bí aṣọ funfun tí a fọ̀ títí tó di aláwọ̀ eérú. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ọkọ̀ yìí débi pé bí ó bá ti ń nù ún, àwọn aládùúgbò a máa bi ìyàwó rẹ̀ pé nínú òun àti ọkọ̀, èwo ni ìyálé. Àìsàn àyà ló pa á. Aránṣọ ló jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Èémí tó mí kẹ́yìn gùn, ó ní ihò nínú, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá. Ó wọlé, kò sì jáde mọ́. Aránṣọ ní ìró yẹn kò kúrò létí òun rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ilé-ìwé tó ń rán aṣọ fún wà ní òdì kejì òkè, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń lọ. Ilé ìwòsàn tún wà níwájú díẹ̀ sí i, ilé ìwòsàn yìí ṣe pàtàkì sí wọn ju ilé-ìwé lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Kékeré, ní ikọ́ fée, àìsàn tó máa ń dí ènìyàn léèémí. Bó bá ti gbé e dé, eré ni wọ́n ń sá gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ń súnmọ́ ìdánwò àṣekágbá ní girama. Òjìji ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, nítorí pé ó lè wọlé, kó jókòó, kó tún jáde, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ó wá. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Wọn kò rí i ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ó le ju ìkórìíra lọ.

Bí ọkọ̀ náà bá ń gun òkè, òórùn epo máa ń wọ inú rẹ̀, nítorí rọ́bà abẹ́ ìdérí táńkì ti jẹ. Òórùn yìí a sì máa mú Kékeré húkọ́. Òjìji wá wá ọ̀rá kan, èyí tí a fi ń di búrẹ́dì, ó ká a sí méjì, ó tẹ́ ẹ lé ẹnu táńkì, ó sì fi ìdérí tì í mọ́lẹ̀. Òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Kò sí awakọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kan tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òórùn lọ, ikọ́ rọlẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní kó ṣeun, ó ní ọmọ tó ń ro ti àbúrò rẹ̀ kò ní ṣìnà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ àrà.

Kùrukùru bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ìdajì òkè, ní kọ́nà, ilé iṣẹ́ bíríkì àtijọ́ kan wà tí wọ́n ti pa tì. Ògiri rẹ̀ ga, ojú fèrèsé rẹ̀ ṣófo, kò sí gíláàsì kankan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ògiri náà nígbà tí agbára ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò kú lójijì. Ó ń rẹ̀ ẹ́ ni, bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Aránṣọ tẹ tọ́rọ́tù títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Ó yí jíà sílẹ̀, pàbó ló já sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọ.

Gbì.

Ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn ló ti dún, níbi tí Kékeré fara tì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó tún dún, bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú páànù ọkọ̀ tó ń fi oríkèé ìka kàn án láti inú.

Kékeré bojú wẹ̀yìn. "Àǹtí mi, ta ló ń kanlẹ̀kùn?"

Ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gan-an. Aránṣọ rò pé epo ló tán, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ sẹ́yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó ti yí ìdérí báyìí, táńkì mí kanlẹ̀. Háààà. Èémí gígùn ni, ó ní ihò nínú, ó wọlé, kò sì jáde. Òjìji gbọ́ ọ láti inú ọkọ̀, gbogbo irun ọwọ́ rẹ̀ sì dìde. Ó wo ìyá rẹ̀ láti inú gíláàsì ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ dúró gbọn-in, ìdérí lọ́wọ́. Lókè orí rẹ̀, kùrukùru ń wọ ojú fèrèsé kan, ó ń gba òmíràn jáde.

Aránṣọ padà sídìí ọkọ̀. Ó ṣíná sí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ sì gun ìyókù òkè bí ewúrẹ́.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì di àṣà. Kì í ṣẹlẹ̀ lójú pópó tó tẹ́jú, kì í ṣẹlẹ̀ nítòsí ilé. Ìdí ògiri yẹn ni, láàárọ̀, bí wọ́n bá ti rin ìrìn láti ilé débẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Ọ̀gá Farabalẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, torí pé kò sí oníbàárà tí kì í sọ fún pé kó fara balẹ̀, títí kan ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jó lọ́wọ́. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó nù wọ́n, ó rí i pé iná ń ṣẹ́ dáadáa. Ó yọ asẹ́ atẹ́gùn, ó gbọ̀n ọ́n. Ó yọ asẹ́ epo, ó fi ẹnu fẹ́ rọ́bà tí epo ń gbà, epo ń lọ. Ó tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dè é padà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu sálẹ́ńsà, èéfín sì tì í kúrò. Ó wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká, ọkọ̀ ń sáré bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí.

Ó ní irú àìsàn tó ń fara pamọ́ fún dókítà nìyí. Ó ní ẹ́ńjìnnì kì í fi ìbínú ṣiṣẹ́, kì í sì í fi ìbínú dáwọ́ dúró. Bí agbára rẹ̀ bá ń lọ, á jẹ́ pé iná kò tó o, tàbí atẹ́gùn, tàbí epo, tàbí kó má rí èéfín tì jáde. Ó ní kí ẹni tó ń wà á sọ gbogbo ohun tó ń rí níbẹ̀ fún òun. Aránṣọ sọ pé ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni. Kò sọ̀rọ̀ nípa èémí. Ọ̀gá Farabalẹ̀ yíjú sí Òjìji, ó bi í bóyá wọ́n fi nǹkan kan kún ọkọ̀ náà tàbí wọ́n yọ nǹkan kan lára rẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ọmọ náà ní rárá. Kò purọ́ nígbà yẹn. Ọ̀rá kò wá sọ́kàn rẹ̀ pé ó tó ohun tí à ń pè ní nǹkan. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣí táńkì lọ́jọ́ náà kó lè wo epo, ó mú ọ̀rá náà kúrò, ó sì dá a padà síbẹ̀, bí ẹni tó ṣí ìdérí ìkòkò wò. Ojú rẹ̀ rí i, ọkàn rẹ̀ kò rí i, nítorí ó ti rí irú rẹ̀ lára ọkọ̀ tó pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí wọ́n fi máa tún gun òkè náà lẹ́ẹ̀mélòó kan, aránṣọ kò bẹ̀rù mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, á bọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ kí àlejò. Á ṣí ìdérí, á gbọ́ èémí náà tán, á wá tẹ orí ba, á sì máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí ẹnu táńkì. Bàbá Kékeré ló ń pè é. Á sọ fún un pé eyín iwájú ọmọ rẹ̀ ti yọ, pé wọ́n ti tún òrùlé tó ń jò ṣe, pé Òjìji máa ṣe ìdánwò láìpẹ́, kó má ṣe dákẹ́ àdúrà. Á dé e padà, wọn á sì máa lọ.

Àyípadà sì dé bá ilé. Obìnrin tí kì í jẹun àjẹyó láti ọjọ́ ìsìnkú bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ìsàlẹ̀ àwo lá. Ó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Òjìji ń gbọ́ orin náà láti yàrá, ó ń dùn mọ́ ọn, ó sì ń já a láyà, nítorí orin àfèsì ni. Ìyá rẹ̀ á kọ ìlà kan, á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ẹlòmíràn, kó tó tún kọ èyí tó kàn.

Òwúrọ̀ kan wá dé tí ọkọ̀ kò dúró. Wọ́n dé ìdí ògiri, kò sí gbì, kò sí ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ́ńjìnnì ń dún ketekete. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló tẹ bíréèkì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí táńkì. Kò sí ìró. Ó dúró títí, ó pe orúkọ tó máa ń pè, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ọkọ̀, òórùn epo ti kún, Kékeré sì ti ń húkọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Òjìji gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún láìdákẹ́. Ó yọjú wo ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin náà ń tẹ ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, kò sì sí aṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri.

Ọmọ náà jáde lọ sídìí ọkọ̀. Ó ṣí ìdérí táńkì, ó sì rí i pé ọ̀rá kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ta epo fún wọn lánàá ti sọ ọ́ nù. Ó dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń yé e díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Bí a bá fi ẹnu fa omi nínú ike láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, ikùn ike á wọnú, á dún gbì, omi kò sì ní wá mọ́. Bí a bá yọ ẹnu kúrò, ike á mí. Táńkì náà gbọ́dọ̀ máa mí sínú bí epo ṣe ń kúrò nínú rẹ̀, ọ̀rá sì ti dí i nímú. Ìrìn láti ilé dé ògiri ni èémí inú rẹ̀ ń tó, òkè yẹn ló sì ń béèrè epo jù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ibẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìjókòó. Kò sí ẹnikẹ́ni rí.

Ọ̀rá tuntun wà nínú àpò rẹ̀. Ó lè sọ ọ́ nù, kó wọlé, kó sọ òtítọ́. Láti inú ilé, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń rán òfìfo. Ó tẹ́ ọ̀rá náà lé ẹnu táńkì, ó sì tì í mọ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, táńkì mí kanlẹ̀, ìyá rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Òjìji sọ fún ara rẹ̀ pé àánú ni òun ṣe.

Bóyá àánú ni ní tòótọ́, bí ó bá mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń fẹsẹ̀ rìn gun òkè máa ń kọjá níbẹ̀. Olórí kíláàsì wọn, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, rí ìyá Òjìji níbi tó ti ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ó sì wá tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà dé ìdí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tí Òjìji ń jókòó sí. Ojú kọ́kọ́ ti Òjìji. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó ní bàbá òun tó kú ni, pé ó máa ń dá wọn dúró níbẹ̀ kó lè kí wọn.

Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ fún un níwájú. Ní àkókò ìsinmi, wọ́n á yí i ká, á máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ ròyìn bí ó ṣe ń kànkùn, wọ́n á sì máa dì mọ́ ara wọn. Láàárọ̀, wọ́n á ti kó ara wọn jọ sí ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́ bíríkì, wọ́n á máa yọjú láti ojú fèrèsé òfìfo, kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Aránṣọ kò rí wọn. Òjìji ń rí orí wọn nínú kùrukùru, dúdú, láìlójú, ẹ̀rù wọn a sì máa ba òun náà, bó tilẹ̀ mọ orúkọ wọn.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sú olórí kíláàsì. Ó ní, "Ṣé bí bàbá rẹ ṣe lè mí mọ nìyí? Híhanrun bàbá àgbà mi ju èyí lọ, òun kò sì tíì kú."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òjìji náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí i pé ẹnì kan ti ń bọ́ sórí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun níwájú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ọ̀rá púpọ̀, ó tò wọ́n lé ara wọn, ó fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ so wọ́n mọ́ ọrùn táńkì pinpin, kó tó wá fi ìdérí tẹ̀ ẹ́.

Ó tún pàdé Ọ̀gá Farabalẹ̀ lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà. Mẹ́káníìkì náà kò tíì gbàgbé ọkọ̀ tó borí rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ó dá ọ lójú pé kò sí ohun tí ẹ fi kún un?" Òjìji wo ojú rẹ̀, ó ní kò sí. Lọ́tẹ̀ yìí, irọ́ ni.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àyà Kékeré ti ń dún bíi fèrè kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n fún un ní oògùn tó máa ń fà símú, kò ràn án. Aránṣọ fi aṣọ wé e, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀ níjòókòó ẹ̀yìn, ó sì forí lé ilé ìwòsàn. Kùrukùru tún bolẹ̀, ó nípọn débi pé wọn kò rí ògiri kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀.

Àárẹ̀ ọkọ̀ náà yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbì. Gbì. Lẹ́yìn náà ni ìró kan dún tí wọn kò gbọ́ rí, gboooo, bí ẹni pé ohun ńlá kan ń káwọ́ kásẹ̀ jọ lábẹ́ wọn. Òjìji mọ̀ ọ́n lára ní eegun ẹ̀yìn. Ọkọ̀ dúró ní àárín kọ́nà.

Aránṣọ sáré lọ sẹ́yìn. Ìdérí kò yí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kò yí. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ dì í mú, ó fi ẹsẹ̀ ti ara ọkọ̀, kò mì. Inú táńkì ti fà á mọ́ra bí ọwọ́ tó di nǹkan mú. Obìnrin náà fà sẹ́yìn. Òjìji ń wò ó láti inú gíláàsì. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sójú títì.

"Bàbá Kékeré, ẹ má mú un. Mo bẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ ẹni tí yóò bá yín jókòó lẹ ń wá, èmi nìyí. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún mi."

Ó ń bẹ̀bẹ̀, kò dìde. Lórí itan Òjìji, ètè Kékeré ti rí bí eérú. Ó fi ìka di apá aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú tẹ́lẹ̀, ìka náà sì ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà ronú nípa ohun tí ìyá rẹ̀ máa rò, ó ronú nípa bẹ́ǹṣì iwájú, gbogbo rẹ̀ sì kéré lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tẹ́ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.

"Màámi, ẹ dìde. Bàbá wa kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọ̀rá ni. Èmi ni mo so ó."

Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni tó ń gbọ́ èdè àjèjì. "O so kí ni?"

"Ọ̀rá. Mo fi dí ẹnu táńkì. Afẹ́fẹ́ ni kò ráyè wọlé."

Kò dúró kí ìyá rẹ̀ dáhùn. Ó mú ṣìpánà táyà láti inú bútù, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ ìdérí, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ìdérí fò. Ọ̀rá ti wọ inú ọ̀fun táńkì bí ahọ́n tí ènìyàn gbé mì, rọ́bà kẹ̀kẹ́ ṣì dì í mú. Ó fi eyín fà á ya. Ìró tó jáde kì í ṣe èémí mọ́, igbe ni, páànù sì lu ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan gbàù. Lẹ́yìn náà gbogbo ayé dákẹ́. Òjìji ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ba òun lẹ́rù jù nínú ohun gbogbo. Kùrukùru nìyẹn, ògiri nìyẹn, ojú fèrèsé òfìfo nìyẹn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ kọ̀, ó húkọ́, ó gbà. Aránṣọ wà á bí ẹni tí ẹ̀mí ń lé.

Kékeré kò kú. Wọ́n fi ohun ìmí bò ó nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, àwọ̀ ètè rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó jáde wá bá wọn sọ pé bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn ni àwọn ì bá máa sọ. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ.

Aránṣọ kò bá ọmọ rẹ̀ wí. Lójú tirẹ̀, ọmọ náà fi ọ̀rá dí òórùn nítorí àyà àbúrò rẹ̀ ni, ìyọnu sì ni ó jẹ́ kó rántí lójú ọ̀nà. Ó tilẹ̀ ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé ọmọ òun gbọ́n. Gbogbo ìyìn yẹn ń ta Òjìji lára bí ẹ̀gún.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ fún Ọ̀gá Farabalẹ̀. Ó sọ táńkì kalẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì kí wọ́n lè rí i. Páànù náà ti wọnú lápá kan, ó rí bí agolo tí ẹnì kan fi ọwọ́ fún pọ̀. Ó ní òun náà jẹ̀bi, pé òun fi ọwọ́ ara òun gbé ọ̀rá yẹn padà síbẹ̀. Ó wá fi ìka kan rọ́bà kẹ̀kẹ́ tó so mọ́ ọrùn táńkì. Ó ní ọ̀rá kan ṣoṣo kò lè ṣe táńkì báyìí, ẹni tó bá fẹ́ dí òórùn kì í sì í so ó báyìí. Ó ní òun bi ọmọ yìí léèrè, lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kejì.

Kí Òjìji tó lanu, ìyá rẹ̀ ti gbà á sọ. Ó ní ọmọdé ni, kò mọ̀, kò sí ọmọ tó máa mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Ọ̀gá jẹ́ kó lọ.

Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún Òjìji. Kò sí ohun tó kù kó ṣe ju pé kó dákẹ́ lọ, dídákẹ́ sì ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù láyé. Ó wo táńkì tó wọnú náà.

Ó ní, "Mo mọ̀, Màámi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti òwúrọ̀ tí ọkọ̀ kò dúró, ti ẹ̀rọ tó ń rán òfìfo, ti ọ̀rá tuntun. Ó sọ ti àwọn orí tó ń yọjú lójú fèrèsé, àti ìdí tó fi so rọ́bà mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n kò fi èyíkéyìí pamọ́. Ọ̀gá Farabalẹ̀ ń nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó nù ún kọjá ìgbà tó mọ́. Ó ní agbára ọkọ̀ kì í lọ lásán, ibi tí a bá ti dí òtítọ́ lẹ́nu lagbára ti ń lọ, nínú ọkọ̀ àti nínú ilé.

Aránṣọ kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé bàbá yín ti kú. Èmi ni mo fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ dé. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọmọ mi lè jókòó, kó máa wò mí, kí n máa bá ọ̀rá sọ̀rọ̀, kó sì tún pe èèyàn wá wòran."

Òjìji ní inú òun ni òun fẹ́ dùn sí i. Ìyá rẹ̀ ní òun gbà pé àánú ló kọ́kọ́ ṣe. Ó ní ṣùgbọ́n àánú tí a fi irọ́ bọ́, ó máa ń dàgbà, á sì máa wá oúnjẹ tó ju irọ́ lọ. Ní tiwọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi Kékeré ṣe oúnjẹ.

Mo sọ fún aránṣọ pé mo máa kọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ó sì gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ṣe ohun kan ní àìmọ̀, tó wá yé yín pé ó ń ṣeni léṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó yé yín. Lọ́jọ́ yẹn, àṣìṣe ni. Láti ọjọ́ kejì lọ, ó ti di ìwà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ mú yín so okùn mọ́ ọrùn ohun tí àwọn ará ilé yín fi ń mí. Àyè iwájú tí irọ́ fún ni, irọ́ kì í pẹ́ gbà á padà.

Ní ti ọjọ́ yẹn lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì, aránṣọ gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Kò gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mìíràn tí mẹ́káníìkì fi lọ̀ ọ́, ó ní ẹsẹ̀ òun tó gbé òun dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun ní ilé ìwòsàn. Ó jáde, ó sì kọjú sí òkè. Òjìji tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, ó pè é, "Màámi." Ó tún pè é. Ó dúró níbẹ̀, ó ń gbọ́ ìró bàtà ìyá rẹ̀ bó ṣe ń jìnnà, títí kùrukùru fi bò ó. Obìnrin náà kò bojú wẹ̀yìn.